Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Kì í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ̀rọ bá gé ọmọ ẹgbẹ́ wa níka, kíá ni gbogbo wa á dìde. A ó dá owó, a ó lọ bẹ̀ ẹ́ wò, aṣojú wa á sì tọ ọ̀gá lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkàn ẹlòmíràn bá rẹ̀wẹ̀sì, tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́, wọn á ní ọ̀lẹ ni, kó ṣe bí ọkùnrin. (Àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ńkọ́?) Àwa kò fara mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹni tí ìbànújẹ́ kì í bá. Òfò ń ṣe ènìyàn, gbèsè ń bẹ lọ́rùn, owó oṣù kì í dé ìdajì oṣù. Ènìyàn á sunkún, á bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, bó bá yá ara rẹ̀ á balẹ̀. Èyí tí à ń wí yàtọ̀. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkàn ẹni wúwo lójoojúmọ́, tí inú rẹ̀ kò dùn sí ohunkóhun mọ́, dókítà ló yẹ kó rí. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan bí oògùn orí fífọ́. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ti paraga tí wọ́n fi ń lé ìrònú ní ibùdókọ̀, ó lè kun ènìyàn lóorun, kò ní jẹ́ kó sùn dáadáa, ọkàn á sì tún wúwo ju tàná lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí èrò ń bẹ lọ́wọ́ awakọ̀.

Ẹ̀rù Àrò ló ń ba àwọn mìíràn. Ní Àrò yìí náà, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, tí ẹbí wọn ń bá wọn gbé, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn. Òfin àtijọ́ lórí wèrè, ti 1958, pàápàá ti kógbá sílé láti oṣù kìíní 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ̀ka wa pinnu pé ìwé dókítà nítorí àìsàn ọkàn yóò níyì bíi ti ẹni tó kán lápá. Bí ìwé kúẹ́rì bá kan ẹni bẹ́ẹ̀, kí aṣojú wa bá a dé iwájú ọ̀gá. Ẹni tí iṣẹ́ òru ti gba oorun rẹ̀, kí wọ́n gbé e sí ti àárọ̀.

Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá ń dákẹ́ nídìí oúnjẹ, tí kì í ṣe ìwà rẹ̀, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ bi í bó ṣe sùn. Bó bá ní ikú yá ju ayé lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan; ẹ bá a dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.