Àká Téèpù Kì í Ṣe Ilé-Ìkàwé

Àwọn olùtumọ̀ tí ń sọ èdè kọ̀ǹpútà di Yorùbá sábà máa ń wo ojú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju iṣẹ́ tí ohun tí wọ́n ń dárúkọ ń ṣe lọ. Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ fún àyẹ̀wò ni àpótí irin tí ń tọ́jú téèpù kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Láíbúrárì ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Nítorí náà ni olùtumọ̀ ṣe ń kọ ilé-ìkàwé téèpù sílẹ̀. Ta ni ó ń kàwé níbẹ̀?

Inú ihò ni a to àwọn téèpù sí nínú àpótí yìí, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀. Apá irin kan ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn, ó ń gbé èyí tí kọ̀ǹpútà bá béèrè lọ sẹ́nu ẹ̀rọ tí ń kọ ọ̀rọ̀ sára téèpù tí ó sì ń kà á. Ibi ìpamọ́ ni, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó ọkà sínú àká di ìgbà tí a ó nílò rẹ̀. Àká téèpù ni orúkọ tí ó bá a mu.

Àwọn kan lè sọ pé téèpù ti di ohun àtijọ́, pé kí ni a ń wá orúkọ fún un sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Téèpù LTO-9 kan ṣoṣo, tí ó jáde ní 2021, ń gba 18 tẹ́rábáìtì. Ní oṣù Èrèlé 2011, nígbà tí àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà pa lẹ́tà àwọn kan tí ń lo Gmail rẹ́, ara téèpù ni Google ti rí wọn kó padà. Àṣìṣe náà kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ téèpù tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ihò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni síso àká mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni méjì ni kọ̀ǹpútà ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àṣẹ wọn kò sì papọ̀. Ẹ̀rọ tí ń kọ tí ó sì ń kà ni mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà. Aláàárù ni apá irin, ẹrù nìkan ni ó mọ̀ ọ́n gbé. Àmì onílà tí ó wà lẹ́yìn téèpù ni ó fi ń dá a mọ̀, kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà LTO-8 lè ka téèpù LTO-7, kò lè ka LTO-6, bí aláàárù tilẹ̀ gbé e wá fún un.

Ní ọ̀pọ̀ àká kékeré, ara mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà kan ni àṣẹ aláàárù ń gbà kọjá. Bí a bá yọ ẹ̀rọ yẹn fún àtúnṣe, aláàárù yóò yadi, òṣìṣẹ́ yóò sì rò pé gbogbo àká ni ó bàjẹ́. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ó bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe ẹ̀rọ méjèèjì kò ní rí gbólóhùn tí yóò fi ṣàlàyé èyí. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ojú Gẹ̀ẹ́sì yóò ní kí òṣìṣẹ́ gun téèpù bí ẹni gun ẹṣin, nígbà tí ó jẹ́ pé ṣe ni a ń kì í bọ ẹ̀rọ, bí ọdẹ ṣe ń ki ẹ̀tù bọ ìbọn.

Àwọn kan yóò kọminú sí aláàárù, pé orúkọ ọjà ni. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, kí ó mú un wá, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ tí ń kà.