Ọmọ gbé nǹkan mì: ẹ má fi òkèlè tì í o

Tí ọmọ kékeré bá gbé owó ẹyọ, yẹtí tàbí bátìrì ohun ìṣeré mì, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni ká ki òkèlè ẹ̀bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè tì í wálẹ̀. Àwọn míì á fún un ní epo pupa kó lè bì. Tèmi ni pé ká jáwọ́ ńbẹ̀. Òkèlè lè mú kó túbọ̀ há, èébì sì lè gbé e lọ sí ọ̀nà tọ́mọ fi ń mí.

Owó tó bá ti dé inú ikùn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń bá ìgbẹ́ jáde. Èyí tó há sọ́fun ni wàhálà. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì ló wá burú jù: láàárín wákàtí 2, ó lè jó ọ̀fun ọmọ gan-an, kódà tí kò bá fọ́. Tọ́mọ bá ti lé lọ́dún kan, tó ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ lè fún un ní oyin síbí kékeré méjì ní ìṣẹ́jú 10-10 lójú ọ̀nà ọsíbítù, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ. Ẹ má torí oyin dúró nílé o.

Àwa tá a wà lókè Ọya níbí, a fẹ́ràn ká ní "ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ relé." Láti Kano dé Ìbàdàn ju wákàtí 10 lọ lójú títì. Ṣé bátìrì á dúró dè wá?

Àwọn kan sì rò pé ọsíbítù tí ò lẹ́rọ ńlá ò lè ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni. X-ray ló máa sọ bóyá owó ni àbí bátìrì, àti ibi tó há sí. Tó bá jẹ́ owó, tí kò tíì pẹ́, tọ́mọ sì ń mí dáadáa, dókítà tó mọ̀ ọ́n lè fi Foley, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀, yọ ọ́. Á tì í kọjá owó náà, á fẹ́ bàlúù kékeré tó wà lórí rẹ̀, á sì rọra fà á jáde. Kì í ṣiṣẹ́ abẹ́lé o, kò sì wà fún abẹ́rẹ́ tàbí bátìrì. Ọsíbítù ńlá tó sún mọ́ wa jù ni ká gbé ìyẹn sáré lọ.

Ohun tó ń pa wá lára ni "ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́," torí kò sówó lọ́wọ́ lóru. Ṣebí a máa ń dáwó òkú, a máa ń dáwó ìgbéyàwó. Kí ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún X-ray àti ọkọ̀ òru, kí wọ́n sì wádìí báyìí ọsíbítù tó ń ya X-ray lóru, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ní àdúgbò tiyín, ọsíbítù wo ni? Ẹ jẹ́ ká gbọ́.