Ìyá Ọlọ́sàn Ṣe Tíṣà Fọ́mọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣirò dẹ́rù bà yín mọ́. Wọ́n ní kí ọmọ ìyá ọlọ́sàn kan wá iye fítámì C inú ọsàn, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kó gbé e wá síléèwé. Ọmọ bomi la áyódíìnì, oògùn egbò tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì. Ó fún ọsàn, ó sẹ́ ẹ, ó wọn mílílítà 10, ó bu sítáàṣì olómi sí i, ó wá ń kán áyódíìnì sínú rẹ̀. Fítámì ló máa ń kọ́kọ́ gba áyódíìnì náà. Ìgbà tí fítámì bá tán ni omi yóò dúdú bí aró. Ẹ̀kán 20 ló lọ sí i. Ọmọ bá kọ ọ́ sílẹ̀: mìlígíráàmù 20.

Irọ́ ni!

Ìyá ní, "Ṣé ẹ̀kán ni wọ́n ní kí o kà ni, àbí fítámì? Kóńgò tí o fi wọ̀n ọ́n ńkọ́?"

"Màmá, tíṣà fún wa ní hóró oògùn fítámì C kan. Mìlígíráàmù 100 ni wọ́n kọ sí i."

"Kóńgò rẹ nìyẹn!"

Wọ́n yọ́ hóró náà sínú omi tó pé mílílítà 100. Mílílítà 10 ibẹ̀, tó ní mìlígíráàmù 10, gba ẹ̀kán 40. Ìyá ò kàwé o, ṣùgbọ́n kíá ló sọ ọ́: bí 40 bá jẹ́ 10, 20 á jẹ́ 5. Mílílítà 100 omi ọsàn á wá ní 50.

Ọmọ pa 20 rẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú gan-an. Ìyá ti mú gúáfà kan nínú apẹ̀rẹ̀: "Wọn èyí náà wò."