Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bó Ara Yín Bí Iṣu

Lọ́jọ́ ọjà Daagbé tó kọjá, mo bá ọmọbìnrin kan nídìí agbada gàrí. Oòrùn kàn-ń-tàrí ni, síbẹ̀ ẹ̀wù alápá gígùn ló wọ̀, ó sì fi ìborùn wé ojú dé imú. Mo ní ṣé ara ò yá ni? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá, ó ṣe peeling ni." Ó ká ìborùn kúrò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, abẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ojú egbò, ooru iná sì ń fẹ́ sí i. Oríkèé ìka tó fi di àkúfọ́ igbá mú ní tirẹ̀ kò gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà rárá: dúdú kirikiri.

Ṣé ẹ ò lójú ni? Iṣẹ́ dókítà awọ ara ni peeling. Ásíìdì ni: glycolic tó wà nínú ìrèké, salicylic, TCA, phenol. Dókítà á wọ̀n ọ́n, á ka ìṣẹ́jú, á ní kí o sá fún oòrùn. Ó máa ń ṣọ́ra fún èyí tó ń wọlé jìn lára adúláwọ̀, torí awọ wa tó bá jóná sábà máa ń dú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Phenol tiẹ̀ lè da lílù ọkàn rú. Ìwọ wá ra òróró tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára ìgò rẹ̀ lẹ́nubodè, o dà á sára látọrùn délẹ̀ nínú balùwẹ̀!

Ìpara abóra náà ńkọ́? Láti 2001 ni Yúróòpù ti lé hydroquinone kúrò nínú rẹ̀. Ghana lé tirẹ̀ ní 2016. Ohun tí àwọn tí ẹ fẹ́ jọ ti sọ nù lẹ̀yin ń ṣà. Ìpara tó ní kọ́tísónì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá ń rán ojú iṣẹ́ abẹ, òwú á máa fa awọ ya.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ló ń pariwo "ọmọ pupa" lójú ọ̀nà Ifangni? Adúmáadán ni bàbá yín ń pe ìyá tó bí yín.

Mo ní kí ọmọ náà dìde nídìí iná. Ó ní ta ni yóò yan gàrí òun? Mo gba àkúfọ́ igbá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin yòókù tí ìgò yín ṣì wà nílé, ẹ mú un lọ́wọ́ lọ sílé ìwòsàn lọ́la, kí wọ́n rí ohun tí ẹ fi pa ara.