Kí n tó gbàdúrà sí mọ́tò yẹn



Arákùnrin kan wa Benz alágbára wá sí Erínjẹ láti Èkó, ó ní kí n gbàdúrà sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ wo táyà: tòkunbọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT ara rẹ̀ ni 1416: ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Lẹ́tà ìwọ̀n eré rẹ̀ sì ni T: kò gbọdọ̀ kọjá 190 kìlómítà ní wákàtí kan. Irú mọ́tò yẹn, W (270) tàbí Y (300) ló ń lò.

Ó ní, "Dádì, ojú ẹ̀ ò tíì jẹ o." Ọmọ mi, rọ́bà máa ń gbó bí ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ.

Ní March 6, 2016, táyà bẹ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Mínísítà James Ocholi lọ́nà Kaduna sí Abuja. Òun, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ bá a lọ.

Mo ní kó pààrọ̀ táyà ná, ká tó gbàdúrà. Àwọn kan ní mi ò nígbàgbọ́. Rárá o! Ẹ má dán Ọlọ́run wò. Ẹni tí kò lówó táyà mọ́tò ńlá, kó ra kékeré.

Kẹ́ ẹ tó gba ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin, ẹ wo nọ́ńbà yẹn. A ò ní rìn nígbà tébi ń pa ọ̀nà, lórúkọ Jésù.