Pickup Active Kì Í Ṣe Ti Àwọn Olórin Mẹ́tà Nìkan: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Onígìtá Ṣọ́ọ̀ṣì

1.
Ẹ̀yin onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ òde ní Sátidé tí ẹ sì ń jí lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí. Èrò mi rèé: púpọ̀ nínú wa ló yẹ ká ti máa lo pickup active, àmọ́ ìdí tí wọ́n ń sọ fún wa nílé ìtajà kọ́ ni ìdí tó fi yẹ.

2.
Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò orin, ohun méjì lẹ máa gbọ́. Ẹnì kan á ní, "Ti àwọn olórin mẹ́tà nìyẹn, kò dáa fún praise." Ẹnì kejì á ní, "Òun ló lágbára jù, gbé e, o ò ní kábàámọ̀." Àwọn méjèèjì ò bi yín léèrè ibi tí ẹ ti ń ta gìtá. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìdáhùn wà.

3.
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí pickup ń ṣe. Nínú pickup lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní passive, òòfà wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun yí i ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irin ni okùn gìtá. Tí ẹ bá ta á, tó ń gbọ̀n, ó ń da agbára òòfà yẹn láàmú, iná kékeré kan á sì jáde nínú wáyà. Iná kékeré yẹn ni amp máa sọ di ńlá. Kò sí bátìrì, kò sí nǹkan mìíràn.

4.
Wàhálà ibẹ̀ ni pé wáyà tó ń gbọ́ okùn náà ló ń gbọ́ gbogbo nǹkan tó wà láyìíká. Iná ìjọba wa ń lọ ní 50 Hz. Tí pickup bá jẹ́ oní-coil-kan, á gbé e wọlé: ùùùùn. Ariwo yẹn là ń pè ní hum. Torí ẹ̀ ni Seth Lover ṣe ṣe humbucker nílé iṣẹ́ Gibson ní 1955: coil méjì tí ọ̀kan dojú kọ èkejì, kí ariwo tó bá wọ inú àwọn méjèèjì lè pa ara rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ wàhálà kejì ṣì wà.

5.
Passive ò lágbára láti gbé ohùn ẹ̀ rìn jìnnà. Ó dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu géètì tó ń rọra bá ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé sọ̀rọ̀. Kébù tí ẹ fi so gìtá mọ́ ẹ̀rọ ń jẹ nínú ohùn náà, ohùn òkè tó mú ṣáṣá ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Tí kébù bá jẹ́ mítà 3, ẹ lè má mọ̀. Tó bá gùn tó mítà 15, gìtá á máa dún bíi pé ẹnì kan da aṣọ bò ó.

6.
Ní 1976, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rob Turner bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ kan ní California, ní Amẹ́ríkà. Òun la mọ̀ sí EMG lónìí. Wọ́n dín wáyà tó yí òòfà ká kù, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn ga sínú pickup fúnra rẹ̀. Bátìrì 9V ló ń gbé ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́. Ohùn náà ti lágbára kó tó dé ẹnu kébù, kébù ò sì rí nǹkan jẹ mọ́ bẹ́ẹ̀. Active nìyẹn. Kò sí awo kankan níbẹ̀.

7.
Ta ló wá sọ pé ti mẹ́tà nìkan ni? Lóòótọ́, James Hetfield àti Kirk Hammett ti Metallica wà lára àwọn tó sọ EMG 81 di olókìkí. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe EMG SA, David Gilmour ti Pink Floyd sì lò ó nínú Stratocaster pupa rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣeré káàkiri ní 1994. Ẹ lọ gbọ́ ohùn gìtá yẹn nínú Pulse. Ó tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ariwo mẹ́tà, amp àti ọwọ́ wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀.

8.
Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "active" yìí náà. Lórí ọ̀pọ̀ gìtá bass, tí wọ́n bá kọ "active", preamp tí ẹ fi ń yí bass àti treble sókè sódò ni wọ́n ń sọ. Pickup inú ẹ̀ lè jẹ́ passive. Ìyẹn ò burú, àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà. Tó bá jẹ́ hum ló ń yọ yín lẹ́nu, preamp yẹn á kàn gbé hum náà ga pẹ̀lú orin ni. Ẹ bi wọ́n: "Ṣé pickup ló jẹ́ active, àbí preamp?" Tí ẹni tó ń tà á ò bá mọ̀, ẹ má tíì sanwó.

9.
Ẹ wá wo ibi tí àwa ti ń ṣiṣẹ́. Onígìtá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù. Amp lè má sí rárá. Kébù gígùn kan gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ wọ inú mixer tààrà, torí DI box tó yẹ kó wà láàárín ti bàjẹ́ láti ìjọ́sí. Ẹnu mixer yẹn, wọn ò ṣe é fún gìtá passive; ohùn á ti rọ kó tó débẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ògiri, inverter wà ní kọ̀rọ̀, iná aláràbarà ń tàn níwájú pẹpẹ. Tí pásítọ̀ bá wá ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí onígìtá máa ta á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, hum ni ìjọ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ojú onígìtá ni wọ́n sì máa wò. Fún irú ibi báyìí, active ló bá iṣẹ́ mu.

10.
Ó tún kan ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn. Nínú gìtá passive, wáyà kan wà tó so bridge mọ́ earth ẹ̀rọ, bridge sì kan okùn. Ìyẹn ni pé tí ọwọ́ yín bá wà lórí okùn, ẹ̀yin fúnra yín ti di ara wáyà. Tí gbogbo nǹkan bá wà bó ṣe yẹ, kò léwu. Ṣùgbọ́n tí earth ilé bá ti já, tí iná sì ń jò nínú amp, ẹ fi ẹnu kan máìkì pẹ́nrẹ́n báyìí: gbàù! Ẹni tó bá ń kọrin tó tún ń ta gìtá mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn kan á fi ṣe àwàdà pé Ẹ̀mí ló bà lé e. Iná ni o.

11.
EMG ò nílò wáyà bridge yẹn. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló ní kí ẹ má so ó. Okùn ò wá bá earth ẹ̀rọ tan mọ́, ìyẹn sì dín ewu kù. Mo ní ó dín in kù, mi ò ní ó parí: irin ibi tí ẹ ń ki kébù bọ̀ ṣì so mọ́ ọn. Kì í sì í ṣe gbogbo active ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ ka ìwé tó bá a wá nínú páálí. Tí ẹni tó bá yín fi sí i bá gbàgbé wáyà àtijọ́ síbẹ̀, àǹfààní yẹn ti wọmi.

12.
Mo mọ ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n máa sọ. "Active ò lẹ́mìí." "Ọwọ́ ló ń ta gìtá." Mo gbà pé ọwọ́ ni. Àwa tí a gbọ́ gìtá jùjú dàgbà, láti orí Ebenezer Obey tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964 títí dé orí King Sunny Adé tó to gìtá púpọ̀ pọ̀ tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, a mọ̀ pé ìka máa ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ ọwọ́ tó dáa ò lè dá hum dúró. Ọwọ́ tó dáa ò sì lè gba ohùn tí kébù ti jẹ padà.

13.
Síbẹ̀, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Active máa ń tẹ́ ohùn dọ́gba. Ìyàtọ̀ láàárín kí ẹ ta á jẹ́jẹ́ àti kí ẹ ta á kíkan kì í pọ̀ tó ti passive. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yí volume gìtá sílẹ̀ kí amp lè rọ̀, passive ló máa dá yín lóhùn jù. Fuzz àtijọ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ bá active ṣe. Tó bá jẹ́ amp tiyín lẹ ń gbé kiri, tí kébù yín kúrú, tí iná ibẹ̀ sì dáa, ẹ dúró sórí passive jàre.

14.
Bátìrì ń kọ́? Ẹ̀rù ẹ̀ ń ba àwọn èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ. EMG ní pickup 81 kan lè lo tó wákàtí 3,000 lórí bátìrì 9V kan. Tí pickup bá jẹ́ méjì nínú gìtá, ó di nǹkan bíi 1,500. Tí ẹ bá ń lo gìtá wákàtí 10 lọ́sẹ̀, 520 nìyẹn lọ́dún. Ó ju ọdún méjì lọ. Ẹ yọ díẹ̀ kúrò nítorí bátìrì ayédèrú tó kún ọjà, kí ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ìsìn àìsùn ọdún tuntun tó dé. Fishman Fluence, tó jáde ní 2014, ń jẹ bátìrì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Wọ́n sì ń ta bátìrì tó ṣeé chájì fún un. Àmọ́ ẹ yọ kébù kúrò lára gìtá tí ẹ bá ti ṣetán o! Kébù tí ẹ kì bọ̀ ọ́ ló ń tan bátìrì. Tó bá wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú títí di ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ọjọ́bọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ ni.

15.
Ẹ wá ẹni tó mọṣẹ́ kó bá yín fi sí i. Volume àti tone inú gìtá passive sábà máa ń jẹ́ 250k tàbí 500k; ti EMG, 25k ni. Tí wọ́n bá fi ti àtijọ́ sílẹ̀, volume yín á di tan-án-pa-á: ẹ yí i díẹ̀, ohùn ò yí; ẹ tún yí i díẹ̀, ohùn ti lọ. Ẹ sì wo ibi tí bátìrì máa jókòó sí kí ẹnikẹ́ni tó gbé sísẹ́ẹ̀lì sí igi gìtá yín.

16.
Tí owó ò bá pọ̀, ẹ tò ó báyìí: ẹ kọ́kọ́ ra kébù tó dáa. Lẹ́yìn náà, DI box. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi bébà bàbà bo inú ihò gìtá, kí wọ́n sì so ó mọ́ earth ẹ̀. Tí hum ò bá lọ síbẹ̀, ẹ wá ra active. Ẹ má kó owó àjọ lé pickup kí ẹ tó dán àwọn yẹn wò. Owó òde mẹ́ta ò yẹ kó bá ariwo tí kébù kan lè pa lọ.

17.
Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó kàn yín. Ẹ ti ra sípíkà tó ga ju èèyàn lọ, ẹ ti ra kámẹ́rà tó ń gbé ìsìn sórí YouTube. Ó dáa, Ọlọ́run á bù kún un. Àmọ́ ìgbà wo lẹ wo earth ilé yẹn kẹ́yìn? Ọ̀pá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ṣé ó ṣì so mọ́ nǹkan kan? Pickup tí ọmọ kan fi owó ara ẹ̀ rà ò lè rọ́pò iṣẹ́ oníná. Ẹ pe oníná tó mọṣẹ́ kó wá wọ̀n ọ́n, kí ọmọ yẹn tó tún fi ẹnu kan máìkì.

18.
Tèmi rèé. Ẹ má ra active torí pé ẹnì kan ní ó lágbára, ẹ má sì sá fún un torí pé ẹnì kan ní ti mẹ́tà ni. Ẹ ro ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́: bí kébù ṣe gùn tó, bí iná ibẹ̀ ṣe rí, ẹni tó wà nídìí mixer. Ẹ̀yin tí passive yín ń dún láì hum nínú irú ilé yìí, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é nísàlẹ̀, ká jọ kọ́ ọ. Tí ẹ bá sì mọ olórí akọrin kan tí kò tíì yẹ earth wò, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kó tó di ọjọ́ Àìkú.