Lọ́fínńdà Kò Lè Tún Ọkọ̀ Ṣe

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Ọ̀rọ̀ òórùn burúkú tí ń jáde láti ojú híítà àti éèsì ọkọ̀ wa ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó fi owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó ní ìlú òtútù ni híítà wúlò fún. Àwa kì í sábà tàn án, àfi ẹni tí ń lọ kó ọ̀dùnkún ní Jos nígbà ọyẹ́, tàbí bí òjò bá mú kí gíláàsì iwájú ṣú. Nítorí náà ni awakọ̀ ṣe ń gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, yálà a tan híítà tàbí a kò tàn án, omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan kọjá lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ìyẹn bá lu, imú ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tí a kò ní dárúkọ, gbóòórùn bí ṣúgà jíjó nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lọ́fínńdà ni ó rà, tí ó gbé kọ́ iwájú. Nígbà tí èrò ráhùn, ó ra òmíràn. Kápẹ́ẹ̀tì iwájú tutù rinrin, ó ní omi òjò ni. Àfi lọ́jọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì gbóná lójú ọ̀nà, tí ó sì nọ́ọ̀kì. Owó tí ìbá fi tún rédíétọ̀ kékeré ṣe kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì. Títí di ìsinsìnyí, àwọn oníduró rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń bá a san gbèsè. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí òórùn kọ̀ọ̀kan ń wí.

Èkíní, òórùn dídùn bí oyin, tí nǹkan bí ọ̀rá sì ń bo gíláàsì iwájú láti inú. Kúláǹtì ni ó ń jò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí ìdérí rédíétọ̀ wo bóyá omi ń dín kù. Bí ó bá gbóná, yóò bó yín lára. Mẹkáníìkì lè so hóòsì méjèèjì pọ̀ kí omi má gba híítà mọ́. Ìyẹn lè gbé wa délé, ṣùgbọ́n kò ní sí híítà nígbà tí gíláàsì bá ṣú. Pípààrọ̀ ni ojútùú. Kúláǹtì gidi ni kí a sì rọ sí i, nítorí omi lásán ń mú kí irin inú dípẹtà. Ẹ fi pamọ́ fún ọmọdé àti ewúrẹ́ o: ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n májèlé ni.

Èkejì, òórùn aṣọ tútù tí a ká sílẹ̀. Éèsì ni. Omi ti dúró sínú rẹ̀, ó sì ti bu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n la ihò tí omi ń gbà jáde, kí wọ́n sì pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́, tí ó sábà máa ń wà lẹ́yìn àpótí tí a ń kó ìwé ọkọ̀ sí. Bí ẹ bá kù díẹ̀ kí ẹ dé, ẹ pa éèsì, ẹ jẹ́ kí fáànù nìkan máa fẹ́ kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Nígbà mìíràn, eku ni ó kú síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ń kó irú àti ẹja gbígbẹ, ẹ má kàn dá ẹrù lẹ́bi.

Ẹ̀kẹta, òórùn rọ́bà tàbí wáyà jíjó. Ẹ pa fáànù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe ríwáyà. Bí ó bá jẹ́ pẹtiróòlù ni ó ń run, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná.

Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù: èéfín. Ó lè jẹ́ ọ́ìlì tí ń kán sórí páìpù gbígbóná. Ṣùgbọ́n bí sàlẹ́ńsà bá lu, tàbí tí a fi okùn so búùtù ní ṣíṣí nítorí ẹrù, èéfín lè wọlé. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí oorun òjijì ń kùn yín, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dúró, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ń sùn nínú ọkọ̀ de ọjà òwúrọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Èrò tiwa nìyí. Ojú ń ti ọmọ ẹgbẹ́ láti wá sọ pé ọkọ̀ tí a yá òun lówó rà ti ń ní àrùn. Ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò ní òun kò lè tọ́jú nǹkan. A fẹ́ kí ìpàdé gbogbogbòò fọwọ́ sí ẹ̀yáwó kékeré fún àtúnṣe ọkọ̀, tí a ó san fún mẹkáníìkì tààrà lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ bá ti rí iṣẹ́ náà. Àwọn kan yóò ní owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó mẹkáníìkì. A gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kú, ta ni yóò san gbèsè? Owó gbogbo wa ni.

Ẹ̀yin oníduró náà, kí oṣù tó parí, ẹ wọ ọkọ̀ tí ẹ dúró fún, ẹ ti fèrèsé, ẹ tan fáànù, kí ẹ fi imú yín gbọ́ ọ. Bí lọ́fínńdà bá ti pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ó ń bò.